Kí Tìpà Ilẹ̀dú Tó Wọlé

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè máa ń wí: "Ìyá Olódòdó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ilẹ̀dú tìpà méjì. Koríko kọ̀, kò hù." Kí n tó dá wọn lóhùn lórí iye owó, mo máa ń béèrè ohun tó wà lábẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ da ilẹ̀dú náà sí. Wọn á kọ́kọ́ dákẹ́, wọn á wá ní, "Ṣebí ilẹ̀ náà ni, mà. Ilẹ̀ pupa."

Ilẹ̀ pupa yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ni yóò pinnu bóyá owó tìpà máa di koríko tàbí ó máa di ẹrẹ̀. Iṣẹ́ ọgbà ni iṣẹ́ mi. Mo ń gbin koríko, mo ń ṣe ebè òdòdó àti ebè ẹ̀fọ́ fún àwọn onílé, láti Àkóbọ̀ dé Ẹ̀gbẹ́dá, títí kan àwọn ilé tuntun tó ń jáde lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ohun kan wà tí mo dì mú gírígírí nínú iṣẹ́ yìí: ilẹ̀dú tí a rà kò lè ṣiṣẹ́ lórí amọ̀ tí a kò kọ́kọ́ tú.

Àdàlù ni erùpẹ̀. Yanrìn wà nínú rẹ̀, amọ̀ wà nínú rẹ̀, ohun mìíràn sì wà láàárín àwọn méjèèjì tó kúnná ju yanrìn lọ tí kò kúnná tó amọ̀. Hóró yanrìn tó tóbi jù lè fẹ̀ tó mìlímítà 2. Hóró amọ̀ kò tó mìlímítà 0.002, ojú lásán kò lè rí i. Kíkúnná yìí ló fà á tí amọ̀ fi ń lẹ̀ mọ́ra. Àlàfo tó wà láàárín hóró rẹ̀ kéré gan-an, omi ò tètè rí ibẹ̀ gbà wọlé, bó bá sì wọlé tán, kì í fẹ́ jáde. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á le, á sán wẹ́wẹ́. Gbòǹgbò ewéko ń fẹ́ omi, ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Nínú amọ̀ tó ti mumi yó, afẹ́fẹ́ ni kì í sí, gbòǹgbò á sì máa jẹrà níbi tí onílé ti ń yọ̀ pé òjò rọ̀ dáadáa.

Síbẹ̀, n kì í gbà kí ẹnikẹ́ni pe amọ̀ ní ilẹ̀ burúkú lójú mi. Òun ló ń di oúnjẹ ewéko mú kí òjò má baà fọ̀ ọ́ lọ, òun ló sì ń tọ́jú omi pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn. Yanrìn kò lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ èyí tipẹ́: ilẹ̀ tí amọ̀ pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni kòkó ti ń ṣe dáadáa jù nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1962, ìwé tí A. J. Smyth àti R. F. Montgomery kọ lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà jáde n'Ìbàdàn. Wọ́n pín ilẹ̀ wa sí ìsọ̀rí, wọ́n sì fi orúkọ ìlú wa pè wọ́n: Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Oǹdó, Ìtàgùnmodì, Apòmù. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ṣì ń lo orúkọ wọ̀nyẹn títí dòní. Ilẹ̀ Ìwó wá láti ara òkúta tó ní hóró ńláńlá, ìdí nìyí tí yanrìn fi pọ̀ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá wá láti ara òkúta tó kúnná, amọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju ti Ìwó lọ. Ilẹ̀ Ìtàgùnmodì, lágbègbè Iléṣà, pupa yòò, amọ̀ kún inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni oríṣi méjì lè wà lójú títì kan ṣoṣo, ọ̀kan lókè, èkejì nísàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sódò. Ẹ má fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọgbà aládùúgbò yín ṣe ìdájọ́ tiyín.

Bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ tí katakata kò tíì dé rí lágbègbè wa, òkè rẹ̀ á dúdú díẹ̀, á rọ̀, á kún fún gbòǹgbò àti ìgbẹ́ ekòló. Ipele yìí ò nípọn. Sẹ̀ǹtímítà 15 kì í sábà jìnnà sí i. Lábẹ́ rẹ̀ ni òkúta wẹ́wẹ́ sábà máa ń wà, amọ̀ pupa á wá wà lábẹ́ ìyẹn. Nígbà tí a bá fẹ́ kọ́lé, katakata á ha òkè dúdú yẹn dànù. Erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú fandéṣọ̀n àti nínú sọkawée, tó ti ìsàlẹ̀ pátápátá wá, ni wọ́n á dà káàkiri àyíká. Lọ́rí tó gbé búlọ́ọ̀kù wá á gùn ún, èyí tó gbé irin wá á gùn ún, sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù á dà sí i. Lọ́jọ́ tí onílé bá kó wọlé, ohun tó ń pè ní ilẹ̀ rẹ̀ ti di inú ilẹ̀ tí wọ́n yọ síta tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì. Kò sí koríko tó lè fi ayọ̀ hù níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ bu erùpẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ mú òkúta àti gbòǹgbò kúrò, ẹ ta omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa pò ó títí yóò fi rọ̀. Ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ sórí ìka ìfábẹ̀lá kí ó máa jáde ní pẹlẹbẹ. Bí ó bá gùn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ kó tó já, amọ̀ gidi ni ẹ ní. Bí ó bá já kí ó tó gùn dé sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀, ìròyìn ayọ̀ ni, ilẹ̀ yín kò burú tó bí ẹ ṣe rò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún pọn òmíràn kún un. Ẹ wo bí omi kejì yìí ṣe ń lọ sílẹ̀. Bí kò bá fà tó sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀ láàárín wákàtí kan, omi kò rí ọ̀nà níbẹ̀, ilẹ̀dú tìpà mẹ́wàá kò sì ní la ọ̀nà yẹn fún un.

Kí ló dé tí kò fi ní là á? Ẹ wo àwọn amọ̀kòkò Ìpetumodù, tàbí ti Dàda n'Ìlọrin. Amọ̀ tí wọ́n bá fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pò nígbà tó tutù máa ń ki pọ̀ débi tí àlàfo inú rẹ̀ fi ń dí. Kòtò tí ẹ gbẹ́ sínú irú amọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹ wá fi ilẹ̀dú kún, ìkòkò tí kò ní ihò nídìí ni. Òjò á rọ̀ sínú ilẹ̀dú, ilẹ̀dú á fà á, omi á dé orí amọ̀, á sì dúró síbẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ kòtò kí omi lè ráyè lọ. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́ o. Omi kì í kúrò nínú erùpẹ̀ tó kúnná bọ́ sínú òkúta títí erùpẹ̀ náà yóò fi mu ún yó kẹ́kẹ́, bó bá sì bọ́ sínú òkúta náà, amọ̀ ṣì wà lábẹ́ òkúta. Ohun tí òkúta yẹn ṣe kò ju pé ó jẹ àyè tó yẹ kí gbòǹgbò wà.

Ti koríko náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́ ilẹ̀dú sórí amọ̀ tó le tó sì ń dán, gbòǹgbò á sọ̀ kalẹ̀, á kan ojú amọ̀, á yà sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà òjò, ilẹ̀dú á di ẹrẹ̀; níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́, á máa yọ́ lọ sí gọ́tà. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, koríko yìí ni yóò kọ́kọ́ gbẹ ládùúgbò, torí pé ìwọ̀nba omi tó wà nínú ilẹ̀dú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn nìkan ló lè dé, amọ̀ tó tọ́jú omi pamọ́ nísàlẹ̀ ò sì ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ọ̀nà tí a fi ń ṣí i kò le ní mímọ̀. Ó le ní ṣíṣe. Ẹ ṣọ́ àkókò. Ní oṣù Kejì, amọ̀ lè ṣẹ́ dígà. Ní oṣù Kẹfà tí òjò pọ̀, bí ẹ bá fi ọkọ́ kàn án, ṣe ni ẹ ń pò ó, ó sì máa burú ju bó ṣe wà lọ. Ẹ̀yìn òjò kìíní tàbí ìkejì, ní oṣù Kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, ló dáa jù. Ẹ mọ erùpẹ̀ rẹ̀ rógódó lọ́wọ́, ẹ tì í ní ìka: bí ó bá fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, bí ó bá kàn wọlé bọ̀nbọ̀ láìfọ́, ẹ dúró di ọjọ́ díẹ̀ sí i.

Ẹ kọ́kọ́ ṣa sìmẹ́ǹtì tó gan, èèkù búlọ́ọ̀kù, ìṣó àti ọ̀rá kúrò. Ẹ wo ibi tí omi yóò máa gbà lọ, kí ilẹ̀ sì dà kúrò lára ilé: sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan tó. Amọ̀ gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ní ìdagẹ̀rẹ́ yìí kí ilẹ̀dú tó bọ́ sí i, torí orí amọ̀ ni omi ìsàlẹ̀ máa gbà rìn. Ẹ wá fi dígà tàbí fọ́ọ̀kì ọgbà tú u, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15. Kò pọn dandan kí ó kúnná. Kí ó sán, kí ó lanu, ó tó. Ẹ da ilẹ̀dú sẹ̀ǹtímítà 5 lé e pẹ̀lú ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa, ẹ pò wọ́n pọ̀ mọ́ amọ̀ tí ẹ tú. Ipele àdàlù yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Òun ni kì í jẹ́ kí gbòǹgbò mọ ìgbà tó kúrò nínú ilẹ̀ tí a rà bọ́ sínú ilẹ̀ tí a bá níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá tẹ́ ìyókù ilẹ̀dú. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti bárò gbọ́dọ̀ máa gba ojú pákó kan ṣoṣo, kí wọ́n má baà tún tẹ ohun tí ẹ tú mọ́lẹ̀.

Ajílẹ̀ tí mo wí yẹn ṣe pàtàkì ju ilẹ̀dú fúnra rẹ̀ lọ. Ewé tó jẹrà, èèpo iṣu àti ẹ̀gẹ́, ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́, ìgbẹ́ adìẹ tó ti tutù, gbogbo wọn ló ń so hóró amọ̀ pọ̀ ní ṣíṣù kéékèèké, àlàfo á sì wà láàárín ṣíṣù kan sí èkejì. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí kò tíì jẹrà, èyí tí wọ́n ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìlagi, máa ń gba náítírójìn lọ́wọ́ ewéko nígbà tó bá ń jẹrà lọ́wọ́, ewé á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Alhaji kan pè mí nígbà kan pé bíríkìlà òun ti bá òun yanjú ọ̀rọ̀ náà.

"Ó ní kí n da yanrìn tìpà kan sí i, kí amọ̀ lè tú."

"Alhaji, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á."

"Ṣebí yanrìn ń jẹ́ kí omi lọ?"

"Yanrìn nìkan ni, sà. Bí ẹ bá da díẹ̀ sínú amọ̀ púpọ̀, amọ̀ á kún àárín hóró yanrìn, wọ́n á jọ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àfi bí yanrìn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹ fi owó yẹn ra ìgbẹ́ màlúù."

Ó gbọ́ sí mi lẹ́nu, inú mi sì dùn.

Fún ẹ̀fọ́ àti òdòdó, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má gbẹ́ kòtò rárá. Ẹ kọ ebè. Àwọn baba wa tó ń kọ ebè iṣu mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ebè ń kó erùpẹ̀ òkè jọ sójú kan kí ó lè nípọn, ó ń gbé gbòǹgbò ga ju omi lọ, omi sì ń gba aporo lọ. Ẹ tú amọ̀ ìsàlẹ̀ bí mo ṣe wí, ẹ wá gbé ilẹ̀dú tí ẹ ti pò mọ́ ajílẹ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, ata, tòmátì, gbogbo wọn á ṣe níbẹ̀. Ẹ lè fi búlọ́ọ̀kù tàbí pákó sé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kí ó rẹwà.

Koríko ò nílò tó bẹ́ẹ̀; sẹ̀ǹtímítà 10 ilẹ̀dú lórí amọ̀ tí a tú ti tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ibí ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ. Ọgbà tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 10, bí a bá fẹ́ ilẹ̀dú tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, kúbíìkì mítà 10 ló máa gbà. Ilẹ̀dú máa ń sọ̀ kalẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀ lé e, nítorí náà ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un: kúbíìkì mítà 12. Tọ́ọ̀nù ni àwọn onítìpà ń kà ní tiwọn. Kúbíìkì mítà ilẹ̀dú kan máa ń wọn tó tọ́ọ̀nù 1.2 sí 1.6, bí ó bá tutù ni ó máa ń wúwo jù. Tìpà tọ́ọ̀nù 10 á wá gbé kúbíìkì mítà bíi 6 sí 8. Ẹ má gbára lé orúkọ tí wọ́n ń pe ọkọ̀. Ẹ fi téèpù wọn inú àpótí rẹ̀, gígùn, fífẹ̀ àti ibi tí erùpẹ̀ ga dé, kí ẹ sì ṣe ìsọdipúpọ̀ wọn kí wọ́n tó jù ú sílẹ̀. Onítìpà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí èyí.

Kí ó tó jù ú sílẹ̀ náà ni kí ẹ gun òkè lọ wò ó. Dúdú nìkan kọ́ ni ẹ̀rí. Ilẹ̀ ààtàn dúdú, ilẹ̀ tí epo ọkọ̀ ti dà sí dúdú, amọ̀ àbàtà pẹ̀lú dúdú. Ẹ bu láti àárín, ẹ ṣe ìdánwò àtàǹpàkò tó wà lókè yẹn sí i: bí ó bá gùn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, amọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi bo amọ̀ fún yín. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ó yẹ kí ó máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, kò gbọdọ̀ rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ẹ wá gbòǹgbò funfun tó ní ẹnu ṣóṣóró: èkan nìyẹn. Èyí tó gùn bí ìka kan péré lè hù, bí èkan bá sì ti wọ ọgbà koríko, ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ ó fi máa bá a jà. Bí ẹ bá rí ọ̀rá, ìgò fífọ́ àti èérún bátìrì, ẹ dá a padà, pàápàá bí ẹ̀fọ́ ni ẹ fẹ́ gbìn, torí òjé inú bátìrì kì í kúrò nínú ilẹ̀, ó sì ń wọ inú ara ọmọdé. Bí àyè bá wà, ẹ gba ìwọ̀n garawa kan ṣáájú, ẹ gbin ẹ̀wà sínú rẹ̀. Bí ẹ̀wà bá hù dáadáa láìpọ́n, láìkákò, ọkàn yín á balẹ̀, ẹ ó sì rí irú èpò tó fara pamọ́ síbẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣì kù tí mo máa ń bi onítìpà, bó bá tilẹ̀ ń kánjú: "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti wà á?" Bí ó bá ní ibi tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ ilé tàbí títì ni, ó dára, ìbá ti ṣègbé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ oko ẹnì kan tàbí akùrọ̀ létí odò ni wọ́n ha, n kì í rà á. Ó lè ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí sẹ̀ǹtímítà méjì péré irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó dà. Àgbẹ̀ tó ta á nítorí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ti ta oúnjẹ ọdún púpọ̀. Ó ń dùn mí gan-an pé òdòdó tí a kò jẹ ni a ń tìtorí rẹ̀ sọ oko di aṣálẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ń tẹnu mọ́ títú amọ̀ àti fífi ajílẹ̀ sí i: bí ìsàlẹ̀ bá ti ṣí, ilẹ̀dú tí ẹ máa rà á dín kù.

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ́ ilẹ̀dú, ẹ má jẹ́ kí ó kan ara ilé ní gíga. Ojú ilẹ̀dú gbọ́dọ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 15 relẹ̀ ju pẹpẹ ilé lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á máa gun ògiri, ọ̀dà á máa ṣí, ikán á sì rí ọ̀nà gbà wọlé láìfarahàn. Ìdí igi ńkọ́? Máńgòrò tó ti dàgbà ń mí láti ara gbòǹgbò tó wà nítòsí òkè ilẹ̀. Bí ẹ bá kó ilẹ̀dú bo ìdí rẹ̀, ó lè pẹ́ ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó kú, ẹ ó sì ti gbàgbé ohun tó pa á.

Ní ti irú koríko, èyí tí a ń pè ní kápẹ́ẹ̀tì, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, máa ń fara da òjìji àti ilẹ̀ tútù. Bàhámà fẹ́ oòrùn ní kíkún, kò sì fẹ́ kí omi dá sí òun nídìí. Lórí amọ̀, kápẹ́ẹ̀tì ni mo sábà ń gbìn, àfi níbi tí oòrùn bá ti ń ta láti àárọ̀ di alẹ́. Lọ́dọọdún, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fi asẹ́ jọ ajílẹ̀ tó kúnná, ẹ fọ́n ọn fẹ́lẹ́ sórí koríko, kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ekòló á gbé e wọlẹ̀ fún yín, wọ́n á sì máa bá yín tú amọ̀ lọ lábẹ́.

Ó ti rẹ àwọn kan, wọ́n ti fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo àyíká ilé. N kò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n omi tí ilẹ̀ wọn ì bá mu ti ń lọ sójú títì, ìlú Ìbàdàn tó mọ ohun tí àkúnya odò Ògùnpa ṣe ní ọdún 1980 kò sì yẹ kó fojú kékeré wo ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kọ́lé, tí ilẹ̀ yín ṣì wà pẹ̀lú koríko àti igbó lórí, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún jù. Lọ́jọ́ tí katakata bá ń bọ̀, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ ní kí awakọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ha sẹ̀ǹtímítà 15 òkè lọ́tọ̀, kí ó kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì níbi tí lọ́rí kò ní gbà kọjá, kí òkìtì náà má ga ju mítà méjì lọ kí inú rẹ̀ má baà há. Ẹ gbin ẹ̀wà lé e lórí kí òjò má baà wọ́ ọ lọ. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn bíríkìlà pé kí wọ́n má bù nínú rẹ̀ fi kún fandéṣọ̀n. Bí ilé bá parí, tí ẹ sì ti tú amọ̀, ẹ fi bárò kó o padà.